Lẹ́tà Tí Ilé-Iṣẹ́ Yóò Kà Tán

Nígbà tí Gabon gba àlejò ìdíje bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Áfíríkà ní ọdún 2017, orúkọ Total, ilé-iṣẹ́ elépo, ló ṣíwájú orúkọ ìdíje náà. Àánú kọ́ ló mú un náwó. Ní 2016 ló bá àjọ CAF tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ọdún mẹ́jọ, ó sì mọ ohun tó ń rà: ojú èèyàn.

Ohun kan náà ni oníṣòwò ń wá ní Nkembo, ní Libreville. Bí ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ọmọdé àdúgbò bá kọ̀wé pé “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú wa,” inú dúrọ́ọ̀ ni ìwé náà yóò sùn, àwọn ọmọ yóò sì jókòó sílé. Kí wọ́n sọ iye ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù, iye èèyàn tó ń wá wòran, ọjọ́ ìdíje, àti ibi tí orúkọ ilé-iṣẹ́ yóò ti hàn: ṣé àyà ẹ̀wù ni, àbí ẹ̀gbẹ́ pápá? Owó ńkọ́? Kí wọ́n kọ ọ́ ní CFA, kí wọ́n pín in sí wẹ́wẹ́: bọ́ọ̀lù, ẹ̀wù, omi, owó rẹfirí. Ẹni tó bá da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sábẹ́ “ìnáwó mìíràn” (irú wọn pọ̀) ń fa ìfura.

Èdè Faransé ni kí wọ́n fi kọ ọ́. Ojú ewé méjì ti tó. Bí ìdíje bá parí, kí wọ́n kó fọ́tò àti rìsíìtì lọ kí ilé-iṣẹ́ tó béèrè.