Ó Yẹ Kí Akẹ́kọ̀ọ́ Tuntun Máa Béèrè Ìbéèrè Kéékèèké Nípa Èdè Kọ̀ǹpútà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Síbẹ̀, ojú máa ń ti ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà láti béèrè ohun tí kò yé wọn. Ẹ̀rù ń bà wọ́n kí a má baà pè wọ́n ní òpè. Àwọn kan tó ti mọ iṣẹ́ náà sì ń sọ pé ìbéèrè tó rọrùn ń fi àkókò ṣòfò. Ní tèmi, mo gbà pé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà, àti pé ẹni tó bá gbé e mì ń fi ewu pamọ́ ni.

Kí a tó lọ jìnnà, ó yẹ kí a mọ irú èdè tí à ń wí. Èdè kọ̀ǹpútà pọ̀. Àwọn kan ń bá akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Àwọn kan sì wà tí wọ́n ń jẹ́ kí ó bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ ní tààrà, tí òun fúnra rẹ̀ yóò sì máa bójú tó ibi tí ẹ̀rọ ń pa ọ̀rọ̀ mọ́ sí. Irú kejì yìí ni C, tí Dennis Ritchie ṣe ní ilé-iṣẹ́ Bell Labs ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bí ọdún 1972, àti Rust, tí Graydon Hoare bẹ̀rẹ̀ ní 2006, tí ẹ̀dà rẹ̀ tó kọ́kọ́ dúró ṣinṣin sì jáde ní 2015. Èdè C ni a fi kọ èyí tó pọ̀ jù nínú Linux, Linux yìí kan náà sì ni ìpìlẹ̀ fóònù Android. Nítorí náà, ẹni tó ń tẹ fóònù Android ní ọjà Igbó-Ọrà tàbí ti Èrúwà ń jẹ èrè iṣẹ́ àwọn tó kọ́ èdè C, bí kò tilẹ̀ mọ̀.

Lọ́nà kìíní, ìbéèrè tó dà bí ọ̀rọ̀ ọmọdé máa ń ní ìdáhùn tó jinlẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ lè béèrè pé, "Kí ló dé tí a fi ń ka nǹkan láti orí òdo, tí kì í ṣe láti orí oókan?" Ẹ má ṣe fi í rẹ́rìn-ín. Nọ́ńbà yẹn ń sọ bí nǹkan ti jìnnà sí ìbẹ̀rẹ̀ tó. Ẹni tó fẹ́ dé ilé àkọ́kọ́ ní òpópónà kò ní ilé kankan láti kọjá. Ẹni tó ń lọ sí ìkejì ni yóò kọjá ilé kan. Kò yẹ kí èyí ṣòro fún àwa ará Ìbàràpá, níbi tí òkìkí ìbejì Igbó-Ọrà ti kàn káyé. Táíwò ló kọ́kọ́ wayé, síbẹ̀ Kẹ́hìndé ni à ń pè ní ẹ̀gbọ́n. Ọ̀nà tí a gbà ń ka nǹkan ní ìdí tirẹ̀. Ẹni tó bá béèrè ni yóò mọ̀ ọ́n.

Lọ́nà kejì, ìbéèrè kékeré ni ó ń la ọ̀nà fún ẹ̀kọ́ tó le jù. Nínú èdè C, akẹ́kọ̀ọ́ a máa béèrè ìyàtọ̀ tó wà láàárín ohun kan àti àmì tó ń tọ́ka sí i. Ìwé tí a kọ àdírẹ́sì ilé sí kì í ṣe ilé náà. Bí wọ́n bá wó ilé náà, àdírẹ́sì ṣì lè wà lápò wa, ṣùgbọ́n ẹni tó bá tẹ̀ lé e yóò bá ahoro tàbí kí ó já wọ ilé onílé. Nínú Rust, akẹ́kọ̀ọ́ a máa béèrè pé, "Kí ló dé tí n kò tún lè lo ohun tí mo ti fún ẹlòmíràn?" Àgbẹ̀ Ayétẹ̀ tàbí Lànlátẹ̀ kan lè dá a lóhùn. Bí o bá fi ọkọ́ rẹ ta ènìyàn lọ́rẹ, o kò lè fi í ro oko mọ́; bí o bá yá a lásán, tìrẹ ni síbẹ̀. Rust mọ ìyàtọ̀ láàárín ìtọrẹ àti àyálò, kò sì ní jẹ́ kí ètò tó bá da méjèèjì pọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rárá.

Lọ́nà kẹta, ìbéèrè tí a kò béèrè lè di àdánù fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2014, àṣírí àbùkù kan tí a pè ní Heartbleed tú. Inú OpenSSL ni ó wà, ètò tí a fi èdè C kọ, tí ọ̀pọ̀ ibùdó íntánẹ́ẹ̀tì fi ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ àṣírí. Bí ènìyàn bá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i, tí ó sì sọ bí ọ̀rọ̀ náà ti gùn tó, ètò náà a dá ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ padà fún un láìwádìí bóyá òótọ́ ni ó sọ. Ẹni tó bá purọ́ a rí ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ gbà mọ́ tirẹ̀, pásíwọ́ọ̀dù pàápàá kò sì gbẹ́yìn. Ó tó ọdún méjì tí àbùkù yìí fi wà níbẹ̀. Ìbéèrè tí ìbá dènà rẹ̀ kò ju èyí tí ẹni tuntun máa ń béèrè lọ: báwo ni nǹkan yìí ti gùn tó gan-an?

Ẹ̀wẹ̀, àwọn tó lòdì sí èrò yìí lè wí pé bíbéèrè lemọ́lemọ́ ń sọ ènìyàn di ọ̀lẹ. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó tọ́ ni kí a kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ bí a ṣe ń béèrè, kì í ṣe kí a pa á lẹ́nu mọ́. Kí ó kọ́kọ́ ka ìkìlọ̀ tí ẹ̀rọ fún un. Kí ó wá sọ ohun tó ṣe, ohun tó retí àti ohun tó rí: "Mo ní kí C pín 7 sí ọ̀nà 2; mo retí 3.5, ṣùgbọ́n 3 ni mo rí." Ta ni yóò pe irú ìbéèrè yìí ní ti ọ̀lẹ? Àwọn mìíràn yóò ní ẹ̀rọ tó ń dáhùn ìbéèrè ti dé. Ó ti dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń ṣìsọ, ẹni tí kò sì mọ ìpìlẹ̀ kò ní mọ ìgbà tó ṣìsọ.

Ní ìparí, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Kí àwọn olùkọ́ wa ní ìlú méjèèje Ìbàràpá má ṣe fi akẹ́kọ̀ọ́ tó béèrè ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí ọmọ tí a bá dójú tì lónìí kò ní la ẹnu rẹ̀ lọ́la. Kí àwa akẹ́kọ̀ọ́ náà má sì tijú. Ìwé tí Brian Kernighan àti Ritchie kọ nípa èdè C ní 1978 pàápàá, ètò kékeré kan tó kàn ń kí ayé ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí àwọn ọ̀gá bá lè ti ibi kékeré bẹ̀rẹ̀, kò sí ìtìjú nínú kí àwa náà béèrè ọ̀nà láti ibẹ̀.