Kí A Má Ṣe Ba Fíìmù Àwọn Àgbà Wa Jẹ́

 Púpọ̀ nínú àwa ọmọ Yorùbá tí ó ń gbé Abuja lónìí ni òbí wọn ti gbé Zaria, Kano tàbí Jos rí. Fíìmù fọ́tò ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ àti ìpàdé ẹgbẹ́ wọn ṣì wà nínú àpótí. Ó dára pé a fẹ́ fi ẹ̀rọ skánà gbé wọn sínú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n bí a bá fi ìkánjú ṣe é, owó wa ni a ó fi ṣòfò.

Mo ti jẹ ìyà rẹ̀. Mo gbé nẹ́gẹ́tíìfù ìgbéyàwó àwọn òbí mi, tí a yà nínú oòrùn Zaria ní ọdún 1962, lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan. Nígbà tí iṣẹ́ jáde, agbádá bàbá mi ti di funfun báláú, kò sí iṣẹ́ abẹ́rẹ́ kankan lọ́rùn rẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni, nígbà tí mo gbé fíìmù náà síwájú iná, mo rí iṣẹ́ abẹ́rẹ́ náà kedere.

Ohun méjì ni kí a máa bèèrè. Èkíní ni dynamic range, èyíinì ni bí ẹ̀rọ ti lè ríran tó láti ibi tí fíìmù mọ́ jù dé ibi tí ó ṣú jù. Iye 3.0 jẹ́ 1,000 sí 1, 4.0 jẹ́ 10,000 sí 1. Lára nẹ́gẹ́tíìfù, aṣọ funfun ni ó ń ṣú. Lára sláìdì, ojú àwa aláwọ̀ dúdú ni. Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ tí kò dára ti ń pàdánù.

Èkejì ni bíìtì, iye ìpele tí a pín ìmọ́lẹ̀ sí. Bíìtì 8 ní ìpele 256 fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bíìtì 16 ní 65,536. Ẹ fi wé àkàbà: gíga rẹ̀ ni èkíní, iye igi ìtẹ̀gùn rẹ̀ ni èkejì. Bí igi ti wù kí ó pọ̀ tó, àkàbà kúkúrú kò lè kan àjà. Nítorí náà, ẹni tí ó ń fi bíìtì 16 nìkan polówó kò tíì sọ̀rọ̀ tán. Síbẹ̀, a nílò bíìtì púpọ̀, nítorí pé àwọ̀ inú nẹ́gẹ́tíìfù aláwọ̀ fún pọ̀ sójú kan. Bí a bá nà án nígbà tí ìpele kò tó, ojú ọ̀run yóò di ìlà-ìlà.

Ìmọ̀ràn mi nìyí. Kí a fi fíìmù kan tí ó ṣòro dán ẹ̀rọ wò kí a tó sanwó. Kí ẹ̀dà àkọ́kọ́ jẹ́ TIFF bíìtì 16. JPEG, tí í ṣe bíìtì 8, ni kí a fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Àádọ́ta tí a ṣe dáadáa sàn ju ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta jákujàku lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fíìmù gidi nù. Shaihu Umar, sinimá tí Adamu Halilu ṣe ní ọdún 1976, a rò pé ó ti sọnù títí a fi rí i ní ilé ìpamọ́ fíìmù ní Jos ní ọdún 2016. Nítorí pé fíìmù náà wà, ó ṣeé tún ṣe, a sì fi í hàn ní Berlin ní ọdún 2018.

Bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àróbá. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wa bá àwòrán tí ó pé.