Kágò kó o tó gbé fóònù sókè

1/ Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka ọ̀rọ̀ yìí dé ìparí. Ẹ̀bi tèmi ni mo fẹ́ sọ.

2/ Láàárọ̀ ọjọ́ kan ní Bódìjà, mo lọ ra àkàrà. Mi ò kí màmá tó ń dín in, fóònù ni mo kọ́kọ́ gbé sókè. Mo ní, "Ẹ wo òógùn! Iyọ̀ ọ̀fẹ́ nìyẹn o." Mo gbé fídíò náà síta. Ẹ̀rín sọ, inú mi ń dùn.

3/ Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo padà lọ. Màmá wò mí, wọ́n ní, "Àbúrò rẹ, ọmọ mi tó wà ní yunifásítì, ló fi fídíò yẹn hàn mí. Wọ́n ti fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ẹ̀. Ó ní kí n má dín àkàrà mọ́. Bẹ́ẹ̀ àkàrà yìí náà ni mo fi ń san owó iléèwé ẹ̀."

Wọ́n wá wé àkàrà mi, wọ́n fi èènì méjì sí i. Èènì yẹn dùn mí ju èébú lọ.

4/ Mo pa fídíò náà rẹ́, àmọ́ àwọn kan ti dàwúnlóòdù ẹ̀. Ṣebí wọ́n ní ẹyin lohùn? Fídíò náà, ẹyin ni.

5/ Ẹ má sọ pé "ìta gbangba kúkú ni." Ọjà jẹ́ ti gbogbo ayé, ojú màmá kì í ṣe ti gbogbo ayé. Mo mọ̀ pé abala 37 nínú òfin Nàìjíríà ti 1999 sọ̀rọ̀ nípa àṣírí ọmọ orílẹ̀-èdè, àmọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kóòtù ni mo ń sọ. Ọ̀rọ̀ ilé ni.

6/ Nílé wa, èèyàn kì í ṣàdédé já wọlé onílé. Wàá ní "Àgò o!" Tí wọ́n bá ní "Àgò yà," ìgbà yẹn lo tó wọlé. Fóònù wa ń wọlé onílé báyìí, kì í kágò. Àwọn ta ni a kì í kágò fún gan-an? Aláàkàrà, kọ̀ńdọ́, alágbe. Ta ló jẹ́ gbé fóònù sójú máníjà báǹkì láìtọrọ àyè?

7/ Ní báyìí, mo máa ń kí wọn: "Ẹ kú ọjà o, ajé á wọ igbá." Màá béèrè: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé mo lè ya yín?" Màá fi hàn wọ́n kí n tó gbé e síta. Tí wọ́n bá ní rárá, màá ra àkàrà mi, màá máa lọ jẹ́jẹ́.

8/ Mo ti bẹ màmá, wọ́n ní ó ti tán. Ọmọ wọn ò tíì gbà láti bá mi sọ̀rọ̀, mi ò sì bá a jà. Àbúrò mi, tó o bá ń ka èyí, jọ̀ọ́ má bínú. Iṣẹ́ màmá kì í ṣe ohun ìtìjú. Èmi ni mo ṣe ohun ìtìjú.