Lẹ́tà Wọn Là Ń Wá, Ọ̀rọ̀ Wa Ń Sọnù

  Ọ̀rọ̀ kan ló ń jẹ mí lọ́kàn, n kò sì lè dá a gbé mì.

Níhìn-ín ní Ifọ̀n, olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ̀, mo bá àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rin kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìyá àgbà wọn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n ń ta Scrabble. Mo jókòó tì wọ́n. Nígbà tí lẹ́tà Q bọ́ sí ọ̀kan nínú wọn lọ́wọ́, fóònù ni ó sáré fà yọ, ó bi íntánẹ́ẹ̀tì pé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì wo ni ó ní Q tí kò ní U. Ojú ẹsẹ̀ ni ìdáhùn dé: QI. Ó tò ó kalẹ̀, wọ́n ka máàkì fún un. Mo bi í pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ó ní, "Ìtumọ̀ kò pọn dandan, sà. Kó ṣáà ti wà nínú ìwé wọn." Kò pẹ́ ni èkejì to IROKO sílẹ̀. Inú mi dùn. Mo ní kí ó bá mi fi Yorùbá kọ ọ́, kí ó fi àmì ohùn sí i. Ó wò mí lójú bọ̀ọ̀. Kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wa ni! Ọmọ tí a bí sí agbègbè tí ìrókò ti ń hù, inú ìwé Gẹ̀ẹ́sì ni ó ti pàdé ìrókò.

Ẹ má ṣì mí gbọ́. N kò bá Scrabble jà. Ní ọdún 2015, ní Perth ní Ọsirélíà, Wellington Jighere, ọmọ Nàìjíríà, di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ti èdè Gẹ̀ẹ́sì. Mo bá wọn yọ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2015 yẹn kan náà, Nigel Richards, ọmọ New Zealand, gba ife-ẹ̀yẹ ti èdè Faransé ní Bẹ́ljíọ̀m, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọ́ Faransé. Ìwé ọ̀rọ̀ wọn ni ó há sórí. Ní ọdún 2024, ó tún gba ti èdè àwọn ará Spéìn. Ẹ ò rí i bí? Ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn mọ lẹ́tà inú ọ̀rọ̀, ọ̀tọ̀ ni kí ó mọ èdè. Richards ní èdè tirẹ̀ nílé, ti àlejò ni ó fi ń ṣeré. Àwọn ọmọ tiwa ń há ti àlejò sórí, ti ilé sì ń bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Àwọn kan a máa sọ pé Yorùbá kò ṣe é ta bẹ́ẹ̀, pé àmì orí rẹ̀ ti pọ̀ jù. Irọ́ funfun báláú ni. Alfred Butts, ará Amẹ́ríkà tí ó dá eré náà sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1930, inú ìwé ìròyìn ni ó ti ka iye ìgbà tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ń jẹ yọ. Ìdí nìyí tí E fi jẹ́ 12 nínú ègé 100, tí Q àti Z sì jẹ́ ẹyọ kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń pa máàkì 10. Òṣùwọ̀n Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn. Kí ló dé tí a fẹ́ fi wọn ọjà tiwa? Lẹ́tà 25 ni ábídí wa. Kò sí C, Q, V, X tàbí Z níbẹ̀. Ẹ, Ọ, Ṣ àti GB gbọ́dọ̀ ní ègé tiwọn. Kí a jókòó ti àwọn ìwé ìròyìn àti ìtàn àròsọ wa, kí a ka tiwa bí Butts ti ka tirẹ̀.

Ní ti àmì ohùn, kí a má kọ ọ́ sára ègé rárá. Ẹni tí ó bá to I, GB, A sílẹ̀ ni kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ pè é: igba tí a ń kà lówó, igbá tí a fi ń bumi, ìgbà tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀, igbà tí a fi ń gun ọ̀pẹ. Ègé mẹ́ta, ọ̀rọ̀ mẹ́rin! Iye tí ó bá mọ ìtumọ̀ rẹ̀ ni kí a ka máàkì lé lórí. Nínú eré tiwa, ìtumọ̀ yóò pọn dandan.

Ìkìlọ̀ kan wà fún ẹni tí yóò bá ṣe ìwé ọ̀rọ̀ náà. Nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, ọ̀rọ̀ àbáláyé kì í fi U bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ìhà tiwa níhìn-ín, ó ń fi U bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Ùghà ni wọ́n ń pe àgbàlá inú ààfin Ọlọ́wọ̀, Ọ̀ghọ̀ sì ni àwọn onílùú ń pe Ọ̀wọ̀ fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá ti ẹ̀ka-èdè wa mọ́ta, ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe sí i yín ni ẹ̀yin náà ṣe sí wa yẹn.

Ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n kéde pé àwọn ti fagi lé e. Ta ni a tún ń dúró dè? Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa kò nílò àṣẹ Àbújá.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo ní kí àwọn ọmọ yẹn dárúkọ ọ̀rọ̀ tí ó fi GB bẹ̀rẹ̀. Wọ́n mú méjì wá, wọ́n dákẹ́. Ni ìyá àgbà bá dáhùn láti inú ilé: gbà, gbá, gbé, gbẹ́, gbẹ, gbó, gbọ́, gbìn, gbọ̀n. Kò ka ìwé rí. Àwọn ọmọ wá ń wá bírò kiri, wọ́n ń kọ ọ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ojú ewé kan ti kún.

Ẹ̀yin náà, ẹ mú bírò, kí ẹ sì wá àgbà kan lọ, nígbà tí àgbà ṣì wà ńlé.

Ire o!