Ohun tí ìyá fà símú, ọmọ inú náà fà á

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Sakété sí Pobè láàárọ̀ á rí wọn: tábìlì onígi, ìgò epo kpayo tó tò lé e lórí, àti ìyá kan tó jókòó tì í. Nígbà mìíràn, ìyá náà lóyún oṣù mẹ́fà tàbí méje sínú. Bí oní-zem bá dúró, á dìde, á ti rọ́bà bọ inú kẹ́ẹ̀gì, á fẹnu fà á. Epo á kan ahọ́n rẹ̀, á tutọ́ sílẹ̀, á wá rọ ọ́ fún oníbàárà. Kí ọ̀sán tó pọ́n, á ti ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Àwa tí à ń kọjá, a ó kí i pé "Ajé á wá o", a ó sì bá tiwa lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí ni a fẹ́ gbé sí gbangba lóṣù yìí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé onílé, ilé wa ló wà. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò burúkú tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru.

Àwọn àgbà wa mọ̀ pé aboyún kì í ṣe ẹni tí à ń fi ṣeré. Wọ́n ní kó má rìn lọ́sàn-án gangan, wọ́n ní kó má rìn lóru, wọ́n sọ oúnjẹ tí kò gbọ́dọ̀ jẹ. Ẹni tó gbà wọ́n gbọ́ àti ẹni tí kò gbà wọ́n gbọ́, gbogbo wa la mọ ohun tó wà nídìí rẹ̀: ohun tó bá kan ìyá lè kan ọmọ. Wọn ò fi èèwọ̀ kankan sílẹ̀ fún wa lórí epo kpayo, torí kò sí epo kpayo láyé wọn. Àwa la máa fi èyí lélẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Nínú epo yìí, kẹ́míkà olóró kan wà tí wọ́n ń pè ní benzene. Kì í dúró sínú ìgò. Bí oòrùn bá ti mú, á fẹ́ sínú afẹ́fẹ́, imú á sì fà á. Àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ ti kà á mọ́ àwọn ohun tó dájú pé wọ́n ń fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn. Láti ẹ̀dọ̀fóró, ó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ ìyá. Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ibi ọmọ dà bí ògiri tí nǹkan burúkú kò lè gbà kọjá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi ọmọ kò lè dá benzene dúró, kò lè dá òjé dúró, kò sì lè dá ọ̀pọ̀ nínú oògùn apakòkòrò dúró. Àwọn onímọ̀ ti rí benzene nínú ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ ọmọ tuntun.

Kí ló lè ṣe fún ọmọ? Ìwádìí láti oríṣiríṣi ilẹ̀ fi hàn pé ìyá tó ń fa irú èéfín bẹ́ẹ̀ símú lè tètè bí ọmọ tó fúyẹ́. Ọmọ tí kò bá tó kílò méjì ààbọ̀ nígbà tí wọ́n bí i, agbẹ̀bí á ti mọ̀ pé ìtọ́jú rẹ̀ yàtọ̀. Òtútù tètè ń mú un, àìsàn tètè ń wọlé sí i lára, kì í sì rọrùn fún un láti fa ọmú. Bí ọmọ bẹ́ẹ̀ bá lọ, a ó ní àbíkú ni, tàbí ká ní ọ̀tá ilé ló ṣe é. Àwa ò sọ pé gbogbo ọmọ tó fúyẹ́, epo ló fà á o. Ibà wà níbẹ̀, àìjẹun dáadáa wà níbẹ̀, iṣẹ́ àṣekúdórógbó wà níbẹ̀. Ohun tí à ń sọ ni pé ti epo jẹ́ èyí tí ọwọ́ wa lè mú kúrò.

Orílẹ̀-èdè wa ti jìyà kẹ́míkà rí. Lọ́dún 1999, wọ́n gbé oògùn apakòkòrò kan tó ń jẹ́ endosulfan fún àwọn àgbẹ̀ olówùú. Ní Borgou nìkan, láàárín àsìkò òwú kan ṣoṣo, ìjọba fúnra rẹ̀ ka òkú 37. Oògùn kan náà yìí ni wọ́n fi hẹlikọ́pítà fọ́n sórí oko kajú ní Kasaragod, ní ìpínlẹ̀ Kerala ní Íńdíà, fún ohun tó lé ní ogún ọdún. Àwọn ará ibẹ̀ rí i pé ọmọ tí àwọn ń bí ń wáyé pẹ̀lú àbùkù. Wọn ò dákẹ́. Wọ́n ka àwọn ọmọ náà, wọ́n kọ orúkọ wọn sílẹ̀, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́. Lọ́dún 2011, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Íńdíà fòfin de oògùn náà. Lọ́dún yẹn kan náà ni Àdéhùn Stockholm fi í sára àwọn oògùn tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ pa tì. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún wa ni pé ohun tí ìlú ò bá kà, ìjọba kì í rí i.

Ní tiwa, ta ló ń kà? Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ibi tí wọ́n ń kó epo kpayo sí jó ní Sèmè-Podji. Ó lé ní ọgbọ̀n ènìyàn tó bá a lọ. Gbogbo ayé gbọ́, torí iná máa ń pariwo. Èéfín kì í pariwo. Ọmọ tó kú kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ kì í wọ inú ìròyìn.

A mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Nínú ìpàdé wa pàápàá, wọ́n sọ ọ́: "Ṣé ẹ fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn ìyá ni? Ìdajì ẹgbẹ́ wa ló ń jẹ nínú epo yìí." Òótọ́ ni. Ẹnubodè Nàìjíríà kò jìnnà sí wa, owó epo yìí ló sì ń san owó ilé ìwé ọmọ púpọ̀ níbí. Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ Tinubu ti ní owó ìrànwọ́ orí epo ti tán, epo ti wọ́n, ẹni tó ń tà á sì ní láti jókòó pẹ́ sí i nídìí rẹ̀ kó tó rí owó ọbẹ̀. Nítorí náà, a ò fẹ́ kí ọlọ́pàá máa fọ́ ìgò ẹnikẹ́ni. Ìyá kọ́ la bá wí. Àwọn tó ní agbára tí wọ́n sì ń wò ó la bá wí.

Òfin ilẹ̀ wa ti ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1990, ní ẹsẹ̀ 27, ní olúkúlùkù ló ní ẹ̀tọ́ sí àyíká tó dára fún ìlera. Inú ìyá sì ni àyíká tí ẹnikẹ́ni kọ́kọ́ ń gbé. Ìdí nìyí tí a fi ń béèrè nǹkan mẹ́rin lọ́wọ́ komínì Pobè àti ti Sakété, àti lọ́wọ́ àwọn olùdámọ̀ràn tí a dìbò yàn:

Èkíní, kí tábìlì epo kúrò nítòsí matanité, ilé ìwé àti ibi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ lọ́jà, kí wọ́n sì fún àwọn tó ń tà á ní ibòmíràn tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ dáadáa.

Èkejì, kí agbẹ̀bí máa bi gbogbo aboyún léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe, kó kọ ọ́ sínú káàdì rẹ̀, kó sì kọ ìwọ̀n ọmọ náà lọ́jọ́ tó bá bí i. Lọ́dún méjì, a ó ní ohun tí a lè kà.

Ẹ̀kẹta, kí aboyún tó ń ta epo wà lára àwọn tí wọ́n máa kọ́kọ́ yá ní owó Alafia, kó lè fi ta nǹkan mìíràn títí ọmọ rẹ̀ á fi kúrò lọ́mú.

Ẹ̀kẹrin, kí akéde àti rédíò máa sọ ọ́ ní èdè tí a gbọ́, kì í ṣe Faransé nìkan.

Kí ìjọba tó dáhùn, iṣẹ́ wà lọ́wọ́ àwa náà. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ má jẹ́ kí ìyàwó yín fẹnu fa epo mọ́. Ẹ ra pọ́ǹpù alọ́wọ́ fún un, ẹ sì jẹ́ kí ẹlòmíràn bá a rọ epo nígbà tó bá lóyún. Ẹ má gbé kẹ́ẹ̀gì epo sínú yàrá tí aboyún tàbí ọmọ ọwọ́ ń sùn. Agolo oògùn oko, ẹ má fi bu omi, ẹ má fi ra epo pupa. Bí ọmọdé bá gbé epo mu, ẹ má fipá mú un bì, ẹ má fún un ní epo pupa tàbí mílíìkì, torí bó bá bì í, epo lè wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ kíá.

Bí a bá pàdé aboyún lójú ọ̀nà, àdúrà wa ni pé a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Ẹ jẹ́ ká fi iṣẹ́ ti àdúrà náà lẹ́yìn.