Iṣẹ́ Ẹrú, Ìjẹ́ Ọmọ: Ọ̀rọ̀ Lórí Ẹni Tí Yóò Di Ọ́físà Ológun

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Àwọn kan náà ni wọ́n tún sọ pé ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a rán ni sí. Ẹni tó bá fi etí lásán gbọ́ òwe méjèèjì yóò ní ọ̀kan náà ni wọ́n, nítorí pé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ jíjẹ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ. Àmọ́ ẹ yẹ̀ wọ́n wò dáadáa. Èkejì ń kọ́ ìránṣẹ́ pé kó dijú, kó má wo ẹnikẹ́ni bí kò ṣe ọ̀gá rẹ̀. Èkíní ní kó lajú, kó fi làákàyè tirẹ̀ tún ọ̀rọ̀ ọ̀gá ṣe lójú ọ̀nà, kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí a rán an sí. Lójú tèmi, àárín òwe méjì yìí ni gbogbo iṣẹ́ ọ́físà ṣọ́jà wà. Ibẹ̀ ló sì yẹ kí ọ̀dọ́ tó ń rò ó bóyá kí òun gba fọ́ọ̀mù NDA, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọ́físà ológun ní Kàdúná, tàbí kí òun gba ọ̀nà Short Service wọlé lẹ́yìn yunifásítì, ti bẹ̀rẹ̀ ìrònú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn kì í bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Owó oṣù ni wọ́n kọ́kọ́ ń bèèrè. Ikú ni àwọn òbí wọn ń bèèrè.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti owó. Kò yẹ ká fi ẹni tó ń wá iṣẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Láti ọdún 1964 ni NDA ti wà. Láti 1985 ló ti ń fúnni ní dìgírì. Ọmọ tálákà tí wọ́n bá gbà wọlé mọ̀ pé ọdún 5 ni òun yóò lò, 4 fún ẹ̀kọ́ ìwé, 1 fún ẹ̀kọ́ ogun, láìsan owó ilé-ìwé. Ọjọ́ tó bá jáde, ìràwọ̀ kan ti wà léjìká rẹ̀, iṣẹ́ sì ti ń dúró dè é, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì ń gbé ìwé-ẹ̀rí kiri Ìkẹjà. Ire gidi ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ojú iṣẹ́ báńkì wo iṣẹ́ yìí kò tíì mọ ohun tó ń rà. Òṣìṣẹ́ báńkì tí ọ̀rọ̀ ọ̀gá bá sú lè kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ lónìí, kó máa lọ sílé. Nínú iṣẹ́ ológun, bí ẹni ń tọrọ àánú ni ọ́físà ṣe ń kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀: wọ́n lè gbà á, wọ́n sì lè kọ̀ ọ́. Ọdún 2025 ni ilé-ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ ní Àbújá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a pé ọ́físà lẹ́tọ̀ọ́ láti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ilẹ̀kùn tó le fún ọ́físà láti gbà jáde yìí kan náà ni ìjọba lè tì í gbà jáde nígbàkigbà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2016, ọ́físà 38 ni wọ́n fún ní ìwé ìfẹ̀yìntì tipátipá lẹ́ẹ̀kan. Àwọn kan nínú wọn gba kóòtù lọ, wọ́n sì jàre. Ní 2023 tí Ààrẹ Tinubu yan àwọn olórí ológun tuntun, àwọn ọ̀gágun tó ṣáájú wọn lẹ́nu iṣẹ́ kó ẹrù wọn lọ sílé láìṣẹ̀, nítorí pé àṣà iṣẹ́ náà kò gbà kí àbúrò máa pàṣẹ fún ẹ̀gbọ́n. Àwọn ṣọ́jà tó ti fẹ̀yìntì sì ti jókòó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ síwájú ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣètò ìnáwó ní Àbújá, tí wọ́n ń bèèrè ẹ̀tọ́ wọn. Oúnjẹ wà níbẹ̀ o, àmọ́ ẹni tó bá torí oúnjẹ nìkan lọ yóò rí i pé gbèsè tó wà nídìí àwo ju ọbẹ̀ inú rẹ̀ lọ.

Ti ikú le ju ti owó lọ, ìdáhùn tí àwọn èèyàn sì máa ń fún àwọn òbí kò dára tó. Wọ́n á ní ẹni tó jókòó sílé náà ń kú, pé ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ń pa èèyàn. Ìdáhùn ọ̀lẹ ni. Jàǹbá ọkọ̀ kò ránṣẹ́ pe ẹnikẹ́ni. Ikú ológun, wọ́n ń ránni sí i ni. Irọ́ sì ni pé ẹ̀yìn ni ọ́físà máa ń dúró sí. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, ṣọ́jà 17 ni wọ́n pa ní Okuama ní ìpínlẹ̀ Dẹ́ltà. Ọ̀gá tó kó wọn lọ, tó jẹ́ Lieutenant Colonel, wà lára àwọn tó kú náà, pẹ̀lú Major méjì àti Captain kan. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, Brigadier General Dzarma Zirkusu kú sójú ogun ní ìpínlẹ̀ Bọ́nọ́. Ní ọdún kan náà, àwọn agbébọn wọ inú ọgbà NDA fúnra rẹ̀, wọ́n pa ọ́físà méjì, wọ́n sì gbé ọ̀kan lọ. Òbí tó bá ń bẹ̀rù kò ṣojo. Ohun tí mo lè sọ fún un ni pé àwọn baba wa kì í fi iye tí oyè ogun ń náni pamọ́ fún ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́. Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ní Ọ̀yọ́ àtijọ́ mọ̀ kí wọ́n tó fi í jẹ oyè pé bí òun bá jáde ogun, láàrin oṣù mẹ́ta, yálà kí òun ṣẹ́gun tàbí kí wọ́n gbé òkú òun wálé. Àṣírí kò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wọ kákí ọ́físà gbọ́dọ̀ ti bá ara rẹ̀ sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn tán kó tó kọ orúkọ sórí fọ́ọ̀mù.

Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má wá torí Kakaǹfò sọ fún mi pé ẹ̀jẹ̀ jagunjagun ló wà lára wa, kí á kàn máa lọ. Mo ti gbọ́ ọ jù. Wọn a dárúkọ Ògèdèǹgbé, wọn a dárúkọ Ìbíkúnlé, wọn a na ọwọ́ sí ogun Kírìjì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877. Àwọn wọ̀nyẹn kì í ṣe ọ́físà. Balógun Ìbàdàn ló ń bọ́ àwọn ọmọ ogun tirẹ̀, òun ló ń pín ìkógun, ó sì ní ohùn nínú ìgbìmọ̀ tó ń pinnu bóyá ogun yóò wáyé rárá. Ibòmíràn ni ẹgbẹ́ ọmọ ogun Nàìjíríà ti ṣẹ̀ wá. Láàrin ọdún 1860 sí 1870, Glover tó ń ṣàkóso Èkó fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó ọmọ ogun jọ, àwọn Haúsá tó sá kúrò nínú oko ẹrú ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun wa fúnra rẹ̀ ń ka ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sí 1863. Ẹ wo bí òwe àkọ́kọ́ yẹn ṣe bọ́ sójú rẹ̀: ẹrú gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ rán níṣẹ́ náà, iṣẹ́ tí wọ́n sì rán wọn ni pé kí wọ́n lọ bá wa jà. Ní 1892, nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì gbógun ti Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọn, irú àwọn ọmọ ogun bẹ́ẹ̀ ló yìnbọn sí wa. Bí àwọn àgbàlagbà kan ṣì ń fajú ro sí ọmọ tó bá ní ṣọ́jà lòun fẹ́ ṣe, kì í ṣe àìmọ̀kan ló ń dà wọ́n láàmú.

Kí wá ni iṣẹ́ ọ́físà? Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Kàdúná jáde, tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì le, ni wọn yóò fi ṣe olórí èèyàn bí ọgbọ̀n. Sájẹ́ǹtì tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti lè máa gbé ìbọn láti ìgbà tí ọmọ náà wà ní jẹ́lé-ó-sinmi. Kò ní mọ ìbọn yìn jù wọ́n lọ. Ìdí kan péré tí wọ́n fi fi í ṣe olórí ni pé àṣẹ kò lè ti ẹnu Ààrẹ bọ́ tààrà sínú ìbọn. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ wà láàrin tí yóò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ, tí yóò wo ohun tó wà nílẹ̀, tí yóò wá sọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe. Òfin tó ń darí àwọn ológun wa fúnra rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀: àṣẹ tó bófin mu ni ó ní kí ṣọ́jà pa mọ́. Ta ni yóò wá mọ èyí tó bófin mu yàtọ̀ sí èyí tí kò bófin mu, bí kò ṣe ẹni tí wọ́n kọ́ níwèé? Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Tudun Biri ní ìpínlẹ̀ Kàdúná ní ọjọ́ 3 oṣù kejìlá ọdún 2023. Àwọn èèyàn ń ṣe Máolúdì, dróònù ológun ju bọ́ǹbù lù wọ́n, ó lé ní 80 èèyàn tó kú, àwọn ológun sì jẹ́wọ́ pé àṣìṣe ni. Ẹnìkan wo àwòrán èrò, ó ní agbébọn ni wọ́n. Kò sí ọ̀tá tó yìnbọn sí ẹni náà, kò sí ewu kankan lórí rẹ̀. Bí ó ṣe wo nǹkan ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ibẹ̀ ló sì ti kùnà. Gbogbo ẹni tó bá ń bèèrè pé ṣé òun lè kú nínú iṣẹ́ ọ́físà, ó yẹ kó tún bèèrè pé àwọn mélòó ni òun lè pa tí kò yẹ kí wọ́n kú.

Òdìkejì rẹ̀ náà wà. Ní oṣù kejìlá ọdún 2014, kóòtù ológun dájọ́ ikú fún ṣọ́jà 54 tó kọ̀ láti lọ gba Delwa padà lọ́wọ́ Boko Haram ní Bọ́nọ́. Wọ́n ní ohun ìjà tó wà lọ́wọ́ àwọn kò tó. Lọ́dún kejì ni wọ́n sọ ikú náà di ẹ̀wọ̀n ọdún 10. N kò ní dá ẹjọ́ náà ní ẹjọ́ mìíràn níbí. Ohun tí mo rí nínú rẹ̀ ni pé láàrin ṣọ́jà tó ń pariwo pé ọta ìbọn kò tó àti ọ̀gágun tó wà ní Àbújá, ọ̀wọ́ ọ́físà ló tò bí àkàbà. Iṣẹ́ àkàbà yẹn ni pé kí òótọ́ máa gbà á gòkè bí àṣẹ ṣe ń gbà á sọ̀ kalẹ̀. Níbi tí gbogbo ọ́físà bá ti ń bẹ̀rù ẹni tó rán wọn níṣẹ́, òótọ́ kì í gòkè. Òkú ni yóò kọ́kọ́ dé Àbújá.

Àtakò tó lágbára jù lọ sí ọ̀rọ̀ mi nìyí, n kò sì ní sá fún un: bí gbogbo ọ́físà bá ń gbé àṣẹ yẹ̀ wò, ogun kankan kò ní ṣeé jà mọ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ padà sínú òwe àkọ́kọ́. Kò sọ pé kí ọmọ má jẹ́ iṣẹ́ náà. Jíjẹ́ ni ó ní kó jẹ́ ẹ. Ọ̀nà tí yóò gbà jẹ́ ẹ ló yàn fún un. Ẹni tó kọ iṣẹ́, tó wá rán ara rẹ̀ ní iṣẹ́ mìíràn, òwe yẹn kò kàn án rárá. Irú wọn la rí ní oṣù kìíní ọdún 1966, nígbà tí àwọn ọ́físà kan rò pé àwọn mọ̀ ju ẹni tó rán wọn lọ, tí wọ́n sì dìtẹ̀ mọ́ ìjọba. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 29 oṣù keje, àwọn ṣọ́jà mú Aguiyi-Ironsi tó jẹ́ olórí ìjọba ológun àti Adékúnlé Fájuyì tó gbà á lálejò ní Ìbàdàn, wọ́n sì pa wọ́n; ọwọ́ ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí àwọn méjèèjì wọ kákí rẹ̀ ni wọ́n kú sí. Títí di 1999 ni a jẹ nínú oúnjẹ tí wọ́n sè ní 1966 yẹn. Ẹ wá fi Benjamin Adékúnlé, ọ̀gágun kan nínú ogun Biafra, wé wọn. Orúkọ rẹ̀ wà lẹ́nu gbogbo èèyàn ní 1969, ó le, ẹnu rẹ̀ sì mú. Síbẹ̀, nígbà tí àṣẹ dé pé kó gbé ẹgbẹ́ ọmọ ogun rẹ̀ lé Ọbásanjọ́ lọ́wọ́, ó gbé e sílẹ̀. Ọbásanjọ́ ló wá gba ìtúúbá Biafra ní oṣù kìíní ọdún 1970, tí òkìkí ìparí ogun sì di tirẹ̀. Ẹni tí kò bá lè fara mọ́ kí ẹlòmíràn kórè oko tí òun ro, kó má lọ.

Gbogbo èyí kò túmọ̀ sí pé kí àwọn òbí ilẹ̀ Yorùbá máa fa ọmọ wọn sẹ́yìn. Bí àwọn tó ní làákàyè bá jókòó sílé nítorí pé iṣẹ́ náà le, àwọn tí kò mọ̀ ju òwe kejì lọ ni yóò kù láti máa pàṣẹ, ọwọ́ wọn ni ìbọn yóò sì wà nígbà tí wọ́n bá rán wọn sí ìlú tiwa. Láti 2011 ni NDA ti ń gba ọmọbìnrin náà fún iṣẹ́ ogun, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo ilé. Ẹ̀rí tí ẹ ó sì fi mọ ọmọ tó yẹ kò sí ní ibùdó ológun. Ilé ló wà. Báwo ló ṣe ń ṣe sí ọmọ ọ̀dọ̀? Bí ẹ bá rán an sí aládùúgbò pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìbínú, ṣé bí ẹ ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ ló ń sọ ọ́, tàbí ó máa ń yọ ẹ̀gún inú rẹ̀ kúrò tí iṣẹ́ náà á sì tún délé? Ọjọ́ tí ẹ̀yin fúnra yín bá ṣe àṣìṣe, ṣé ó lè wí fún yín, kó sì ṣe ohun tí ẹ ní kó ṣe lẹ́yìn náà?

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó fún un lówó fọ́ọ̀mù, ẹ pè é jókòó, kí ẹ bi í pé: bí wọ́n bá ní kí o kó àwọn èèyàn rẹ lọ sí abúlé kan lóru, tí o débẹ̀ tí o rí i pé ọ̀rọ̀ kò rí bí wọ́n ṣe wí, kí lo máa ṣe? Bí ó bá dákẹ́, tó ronú, tó bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ yín, ẹ fún un lówó náà. Bí ó bá yára dáhùn pé ohun tí ọ̀gá òun bá sọ lòun máa ṣe, ẹ gba fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ rẹ̀.