Kí ẹ tó gbé tíṣù pròmò, ẹ kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n wò

Lọ́sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, mo ya súpámákẹ́ẹ̀tì kan n'Ìbàdàn níbí torí nǹkan mẹ́ta péré: búrẹ́dì, ọṣẹ ìfọṣọ àti tíṣù ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Níbi tí wọ́n to tíṣù sí, wọ́n lẹ bébà pupa gàdàgbà kan mọ́ pẹpẹ: PROMO, mẹ́rin ní ₦2,000. Mo gbé pákì méjì. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ ọmọkùnrin tó ń gbowó, ₦2,400 ni ẹ̀rọ rẹ̀ gbé jáde fún pákì kọ̀ọ̀kan.

"Àbúrò, ₦2,000 lẹ kọ síbẹ̀ o."

"Ẹ má bínú mà, pròmò yẹn ti parí láti Fúráídè. Wọn ò tíì yọ bébà yẹn kúrò ni. Ohun tí ẹ̀rọ bá gbé jáde la máa ń gbà."

Mo ní n ò ní san án. Ni àwọn tó tò sẹ́yìn mi bá bẹ̀rẹ̀ sí í pòṣé. Màmá kan tiẹ̀ là á mọ́lẹ̀: "Ọmọ yìí, ṣé torí ẹgbẹ̀rin náírà lo ṣe ń dá gbogbo wa dúró?"

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹgbẹ̀rin náírà yẹn. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin fọwọ́ sí láti ọdún 2024 ni ₦70,000. Tí ẹ bá pín in sí ọgbọ̀n ọjọ́, kò ju ₦2,333 lọ lójúmọ́. Ẹgbẹ̀rin náírà lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta owó tí ẹni bẹ́ẹ̀ ń rí lójúmọ́, ká tó sọ ti owó mọ́tò, ká tó sọ ti gààrí. Torí tíṣù! Ohun tí a fi ń nùdí tí a sì ń dà nù.

Òfin tiẹ̀ wà lẹ́yìn mi lọ́jọ́ náà. Ní ọdún 2018, ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin tó dá àjọ FCCPC sílẹ̀, àjọ tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ ẹni tó ń ra ọjà. Abala 115 nínú òfin náà sọ pé ẹni tó ń ta ọjà gbọ́dọ̀ fi iye owó ọjà hàn, àti pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ní kí oníbàárà san ju iye tí wọ́n fi hàn lọ. Ohun tó wà lára pẹpẹ ni iye owó tí èmi rí. Ohun tí ẹ̀rọ bá gbé jáde, àárín àwọn àti ẹ̀rọ wọn nìyẹn. Tó bá ṣe yín bẹ́ẹ̀ rí, ẹ fi fóònù yín ya bébà yẹn ní fọ́tò kí ẹ tó kúrò nídìí pẹpẹ, kí ẹ sì tọ́jú rìsíìtì yín. Ẹjọ́ tí kò ní ẹ̀rí, àròyé lásán ni.

Ṣùgbọ́n ká má parọ́, irú ìyànjẹ yìí rọrùn láti rí, torí ó wà lójútáyé. Èyí tó ń jẹ owó wa jù, inú tíṣù gan-an ló wà.

Mo yá òṣùwọ̀n kékeré tí àǹtí mi fi ń wọn fúláwà kéèkì, mo sì kó oríṣi tíṣù mẹ́ta tó wà nílé lé e lórí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkọ mi ní ìwé òfin tí mo kà ló ti ń gùn mí. Ẹ̀rín yẹn dáwọ́ dúró nígbà tó rí i pé èyí tó ga jù, tó sì sanra jù lójú, ni kò wúwo. Wọ́n kàn wé e dẹngẹrẹ ni, ihò páálí àárín rẹ̀ sì fẹ̀ débi pé ìka mẹ́ta wọ inú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ la rà. Òun náà ló sì wà ní pròmò nígbà tí a rà á.

Ẹ wo bí ìṣirò rẹ̀ ṣe ń lọ. Ká ní tíṣù mẹ́rin tó wà ní pròmò jẹ́ ₦1,800, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì wọn gírámù 80. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ gírámù 320. Ká ní mẹ́rin mìíràn tí kò sí ní pròmò jẹ́ ₦2,200, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gírámù 110, gírámù 440 nìyẹn. Tí ẹ bá pín owó sí orí gírámù, ọgọ́rùn-ún gírámù ti pròmò lé ní ₦560. Ti èkejì jẹ́ ₦500 géérégé. Ẹni tó sá fún ọ̀wọ́n ló lọ ra ọ̀wọ́n. Mẹ́rin là ń kà, ẹ̀yin èèyàn mi. Mẹ́rin kì í ṣe òṣùwọ̀n. Bí a bá dé ọjà gààrí, ṣebí kóńgò là ń wò, a sì máa ń bá ìyá alátẹ jà tó bá tẹ ìdí kóńgò rẹ̀ wọnú. Kí ló dé tí a kì í wo ìdí tíṣù?

Ti kúpọ́ọ̀nù orí íntánẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Wọ́n á fi kóòdù ránṣẹ́ sí yín pé ẹ ti jẹ ₦1,000, àfi kí ẹ ra ọjà tó tó ₦15,000 kí àárín òru tó lù. Ẹ wá tíṣù lọ, ẹ sì bá ìkòkò dídán bọ̀. Owó ìgbéwálé ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn. Mi ò ní kí ẹ má lò ó o. Èmi náà máa ń lò ó nígbà tí nǹkan tí mo ti kọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ bá ti tó iye tí wọ́n ń béèrè fúnra rẹ̀. Àmọ́ tó bá jẹ́ kúpọ́ọ̀nù ló ń kọ ìwé ọjà fún yín, ẹ ju fóònù yẹn sílẹ̀. Àwọn ọmọ ìgboro ti sọ pé kò sí ọ̀fẹ́, ní Freetown pàápàá.

Ìdí tí tíṣù fi gbówó lórí tó báyìí kò ṣẹ̀yìn pé òkè òkun ni púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n fi ń ṣe é ti ń wá, dọ́là ni wọ́n sì fi ń rà á. Láti ìgbà tí ìjọba ti tú náírà sílẹ̀ ní Okudu 2023 ni ó ti ń dún mọ́ wa létí. Bẹ́ẹ̀ ìjọba àpapọ̀ kọ́ ilé iṣẹ́ bébà mẹ́ta sílẹ̀ láyé ọjọ́un: Jẹ́bà, Oku Iboku ní Akwa Ibom, àti Ìwópin níbí yìí, ní etídò Ìpínlẹ̀ Ògùn. Wọ́n ta gbogbo wọn fún aládàáni. Bí ẹ bá bi àwọn ará Ìwópin bóyá ilé iṣẹ́ náà gbé wọn dé ibi tí wọ́n ṣèlérí, ẹ múra láti jókòó pẹ́. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.

Nílé tiwa, ohun tó dín owó tíṣù kù gan-an kì í ṣe pròmò. Èmi àti obìnrin méjì tí a jọ ń gbé ọgbà ń dá owó jọ, ẹnì kan nínú wa á lọ sí Ògùnpa, á ra báàlì kan, èyí tí 48 máa ń wà nínú rẹ̀, a ó sì pín in sí mẹ́ta, mẹ́rìndínlógún-mẹ́rìndínlógún. Ó máa ń dínwó ju kí á máa rà á ní pákì lọ, kò sì gba kóòdù. Ìjà kan ṣoṣo tó ti ṣẹlẹ̀ ni ìgbà tí òjò wọ ibi tí a kó o sí.

Ọkọ mi, tí wọ́n tọ́ nílé mùsùlùmí, tún gbé búútà pàdà sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Omi la fi ń ṣe iṣẹ́ tó le, tíṣù kàn ń nu omi nù ni. Mo kọ́kọ́ ń yínmú. Ní báyìí, èmi ni mò ń pọn omi sí i. Ní ti orí tábìlì oúnjẹ, mo gé ọ̀já àǹkárá tó ti gbó, mo ṣẹ́tí wọn, àwọn ọmọ fi ń nu ọwọ́. Sáfíétì di ti àlejò.

Síbẹ̀, gbogbo ilé kọ́ ló ní òṣùwọ̀n kéèkì, kò sì yẹ kó di dandan. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin kan tí wọ́n ṣe ní 2004 mú kó di dandan fún àwọn súpámákẹ́ẹ̀tì ńlá láti kọ iye tí òṣùwọ̀n kan ọjà jẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye owó rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù kì í wọn tíṣù. Ó kàn ń ka lẹ́tà kéékèèké tó wà nísàlẹ̀ iye owó, èyí tó ń sọ iye tí ọgọ́rùn-ún ewé jẹ́. Òfin náà yọ àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké sílẹ̀, ó sì dáa bẹ́ẹ̀. Mi ò ní kí wọ́n lọ dààmú ìyá tó ń ta tíṣù ẹyọ kan lójú ọ̀nà. Àwọn tó ní ẹ̀rọ amúlétutù àti kọ̀ǹpútà níbi ìsanwó ni mò ń bá wí. Ẹ̀rọ tó mọ̀ pé pròmò ti parí láti Fúráídè kò lè ṣaláì mọ bí wọ́n ṣe ń pín owó sí orí gírámù. Kí FCCPC pa á láṣẹ fún wọn, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti orí tíṣù, fúláwà àti ọṣẹ.

Ẹ óò fẹ́ mọ bí tiwa ṣe parí lọ́jọ́ náà. Mánéjà jáde wá, mo ka abala 115 sí i létí jẹ́jẹ́, ó sì ní kí wọ́n gba ₦2,000 lórí pákì kọ̀ọ̀kan. Màmá tó wà lẹ́yìn mi sáré padà lọ gbé pákì méjì tiẹ̀. Nígbà tí mo tún yà síbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, bébà pupa náà ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n ti kọ tuntun sí i: PROMO, mẹ́rin ní ₦2,400.